Kọ̀ǹpútà àti Mọ́nítọ̀ tí Ẹnu Wọn Kò Bára Mu: Àlàyé fún Olùkọ́ Yorùbá

1.0 Ìfáàrà

Ní ilé-ìwé girama kan ní Kàbà ni a ti bá ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ yìí pàdé. Àwọn olùkọ́ Yorùbá ibẹ̀ fẹ́ fi àmì ohùn han àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n sì ní kí a wá bá wọn dá sí i. Mọ́nítọ̀ mẹ́rin wà nílẹ̀ tí ó ti pẹ́ ṣùgbọ́n tí kò bàjẹ́. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tuntun kan sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Nígbà tí a fẹ́ so wọ́n pọ̀, wáyà mọ́nítọ̀ kò wọ ihò kankan lára kọ̀ǹpútà. A ránṣẹ́ sọ́jà, wọ́n ra wáyà kan wá tí ẹnu kan wọ kọ̀ǹpútà, tí ẹnu kejì sì wọ mọ́nítọ̀ géérégé. A tan iná. Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kúkúrú kan yọ lójú mọ́nítọ̀ pé òun kò rí ohunkóhun gbà, lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ ṣókùnkùn. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ ní ayé irú mọ́nítọ̀ bẹ́ẹ̀ ti kọjá, kí a kó wọn sí yàrá ẹrù.

Kò sí ohun tó ṣe mọ́nítọ̀ náà. Kò sí ohun tó ṣe kọ̀ǹpútà náà pẹ̀lú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwa tí a so wọ́n pọ̀ wo ẹnu wáyà, a kò bèèrè èdè tí ó ń sọ.

Kò yẹ kí a ka ọ̀rọ̀ yìí sí ọ̀rọ̀ àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ nìkan. Láti ọdún 2013 ni JAMB ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo kọ̀ǹpútà fún ìdánwò àṣewọlé sí yunifásítì, nígbà tó sì di ọdún 2015, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ní ọdún 2024 ni WAEC náà kọ́kọ́ ṣe ìdánwò oníkọ̀ǹpútà fún àwọn tó ń ṣe ìdánwò àdáṣe. Yorùbá wà lára iṣẹ́ tí àwọn ọmọ wa ń ṣe nínú ìdánwò JAMB. Bí àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ kò bá hàn dáadáa lójú mọ́nítọ̀, ọmọ tó mọ ìdáhùn lè pàdánù máàkì. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó yẹ kí olùkọ́ Yorùbá mọ ohun tó wà láàárín kọ̀ǹpútà àti mọ́nítọ̀.

2.0 Àwọn Ọ̀rọ̀ tí A Ó Lò

Ní ọdún 1984 ni ìwé èdè-ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀ jáde. Ní ọdún 1990 ni apá kejì, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì jẹ́ olóòtú rẹ̀, tẹ̀ lé e. Èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni ni àwọn ìwé náà bójú tó. Ní ti ẹ̀rọ, a ó lo ọ̀rọ̀ tí ará ọjà ń lò, a ó sì sọ ìtumọ̀ èyí tí a bá fúnra wa yàn.

Mọ́nítọ̀ ni ojú tí a ń wò. Ihò ni ibi tí a ń ki wáyà bọ̀ lára kọ̀ǹpútà tàbí mọ́nítọ̀. Eyín ni àwọn irin tíntìntín inú ẹnu wáyà. Iṣẹ́ ni ohun tí kọ̀ǹpútà ń rán sí mọ́nítọ̀, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ṣe ń rán ọmọ níṣẹ́. Ògbifọ̀ ni a ó máa pe ohun kékeré tó ń gba iṣẹ́ ní èdè kan, tó sì ń jẹ́ ẹ ní èdè mìíràn. Òun ni àwọn ọlọ́jà ń pè ní kọnfátà. Kí a ṣọ́ra, nítorí àwọn kan a máa fi orúkọ yìí kan náà pe wáyà lásán tí kò ní ẹ̀rọ kankan nínú.

3.0 Oríṣi Ihò tí A Sábà Máa Ń Rí

Oríṣi márùn-ún ni olùkọ́ yóò máa bá pàdé.

(a) VGA: Ilé-iṣẹ́ IBM ni ó gbé e jáde ní ọdún 1987. Ojú ihò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó ní, ní ìlà mẹ́ta, márùn-ún márùn-ún. Ó sábà máa ń ní àwọ̀ búlúù, ó sì ní ìdè méjì tí a ń yí kí ó má baà yọ.

(b) DVI: Ó jáde ní ọdún 1999. Ó fẹ̀ ju VGA lọ, ó sì sábà máa ń funfun. Irú kan wà tó ń sọ èdè tuntun nìkan, tí à ń pè ní DVI-D. Òmíràn ń sọ èdè tuntun àti ti àtijọ́ pọ̀, ìyẹn DVI-I.

(d) HDMI: Òfin àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní ìparí ọdún 2002. Eyín mọ́kàndínlógún ni ó ní. Ó ń gbé àwòrán, ó sì ń gbé ohùn. Òun ni ó wà lára tẹlifíṣọ̀n òde òní.

(e) DisplayPort: Ó jáde ní ọdún 2006. Ó jọ HDMI, ṣùgbọ́n igun kan ṣoṣo ni wọ́n gé lára rẹ̀. Ogún eyín ni ó ní.

(ẹ) USB-C: Ọdún 2014 ni ó jáde. Ó kéré, etí rẹ̀ rí róbótó, bí a bá sì dorí rẹ̀ kodò, yóò ṣì wọlé.

Nínú oṣù Kejìlá ọdún 2010 ni Intel, AMD àti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá mìíràn kéde pé nígbà tó bá fi máa di ọdún 2015, àwọn yóò ti máa fi VGA sílẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká tuntun kò fi ní in mọ́. Ṣùgbọ́n mọ́nítọ̀ kì í tètè kú. Ilé-ìwé tó ra mọ́nítọ̀ ní ogún ọdún sẹ́yìn ṣì lè máa lò ó. Báyìí ni ẹ̀rọ ìran kan ṣe ń pàdé ẹ̀rọ ìran mìíràn lórí tábìlì kan ṣoṣo.

4.0 Ohùn àti Àmì Ohùn

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé olùkọ́ Yorùbá ju ẹlòmíràn lọ, nítorí pé iṣẹ́ ohùn àti àmì ohùn ni iṣẹ́ wa.

Nígbà tí a bá pe ìlú, ohùn wa kì í fò láti ìsàlẹ̀ dé òkè lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣe ni ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ lórí fáwẹ́lì kejì. Ohùn ń yọ̀ lọ, kò ní ààlà láàárín. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá kọ ọ́ sílẹ̀, àmì ìsàlẹ̀ kan àti àmì òkè kan ni a kọ, ó parí. Ohùn jẹ́ ohun kan, àmì ohùn jẹ́ ohun mìíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ.

VGA dà bí ohùn. Wáyà mẹ́ta inú rẹ̀ ń gbé àwọ̀ pupa, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ búlúù. Bí agbára iná inú wáyà bá ti ń lọ sókè láti òdo dé 0.7 volt, bẹ́ẹ̀ ni àwọ̀ náà ń mọ́lẹ̀ sí i. Wáyà méjì mìíràn ń sọ ìgbà tí ìlà kan parí àti ìgbà tí ojú ìwé parí. Gbogbo rẹ̀ ń yọ̀ lọ bí ohùn ni.

HDMI, DisplayPort àti DVI-D dà bí àmì ohùn. Wọn kì í rán agbára iná tó ń gòkè tó ń sọ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọ̀ ti rí. Nọ́ńbà ni wọ́n ń rán, òdo àti ení nìkan, ní ẹgbàágbèje láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ọmọ ilé-ìwé méjì. Ọ̀kan lè ka ọ̀rọ̀ tí a ti fi àmì ohùn sí, tí gbogbo rẹ̀ yóò sì já geere lẹ́nu rẹ̀. Èkejì lè gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni, kí ó sì fi àmì ohùn sí i láìṣì. Gbogbo ẹni tó ti yẹ ìwé ìdánwò wò mọ̀ pé ẹni tó mọ àkọ́kọ́ lè má mọ èkejì. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ògbifọ̀ rí. Ògbifọ̀ tó ń gba HDMI tó ń fi VGA jáde ni ọmọ tó ń kàwé. Èyí tó ń gba VGA tó ń fi HDMI jáde ni ọmọ tó ń fi àmì sí ọ̀rọ̀. A kò lè dorí ọ̀kan kodò kí ó ṣe iṣẹ́ èkejì.

Ó hàn gbangba báyìí ìdí tí wáyà tí wọ́n rà ní Kàbà kò fi ṣiṣẹ́. Ẹnu rẹ̀ méjèèjì bára mu, ṣùgbọ́n kò sí ògbifọ̀ nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ń ka nọ́ńbà sí mọ́nítọ̀ létí, ohùn ni mọ́nítọ̀ sì ń retí.

5.0 Bí A Ṣe Lè So Wọ́n Pọ̀

(a) Kọ̀ǹpútà HDMI àti mọ́nítọ̀ VGA. Ògbifọ̀ gidi ni a nílò. Ó máa ń rí iná díẹ̀ gbà láti inú ihò HDMI fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n iná yìí kì í tó àwọn kan. Èyí tó bá ní ihò kékeré fún wáyà USB ni ó dára jù. VGA kì í gbé ohùn. Nítorí náà, olùkọ́ tó fẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́ ohùn tí a gbà sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ra ògbifọ̀ tó ní ihò ohùn, kí ó so ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ ọn, tàbí kí ó yàn nínú kọ̀ǹpútà pé kí ohùn máa jáde láti ara kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀.

(b) Kọ̀ǹpútà VGA àti mọ́nítọ̀ HDMI. Ògbifọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lódìkejì ni a óò rà. Ẹni tó bá lọ sọ́jà gbọ́dọ̀ sọ ohun tó wà lára kọ̀ǹpútà kí ó tó sọ ohun tó wà lára mọ́nítọ̀. Irú ògbifọ̀ yìí sábà máa ń gba iná láti ihò USB.

(d) DVI-D àti HDMI. Èdè kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ, ẹnu wọn nìkan ló yàtọ̀. Wáyà lásán tó. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ògbifọ̀ fún yín nítorí èyí. Ohùn nìkan ni kò dájú pé yóò kọjá.

(e) DVI-I àti VGA. Ihò DVI-I ní ojú mẹ́rin kéékèèké yí ojú pẹrẹsẹ kan ká. Ibẹ̀ ni èdè àtijọ́ wà, àsopọ̀ lásán sì lè mú un jáde bí ihò náà bá wà lára kọ̀ǹpútà. Bí kò bá sí ojú mẹ́rin náà, DVI-D ni, ògbifọ̀ ni yóò gbà.

(ẹ) Kọ̀ǹpútà DisplayPort. Bí a bá rí àmì ròpọ̀ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì DP lára ihò náà, kọ̀ǹpútà yẹn gbọ́ èdè HDMI àti DVI pẹ̀lú, wáyà tàbí àsopọ̀ kékeré tí kò wọ́n sì tó. Sí VGA, ògbifọ̀ ni. Ṣùgbọ́n wáyà kan náà kò lè gbé iṣẹ́ láti kọ̀ǹpútà HDMI lọ sí mọ́nítọ̀ DisplayPort.

(f) Kọ̀ǹpútà USB-C. Èyí ni ó máa ń tan ènìyàn jẹ jù. Ihò méjì lè jọra bí ìbejì, kí ọ̀kan máa gbé àwòrán, kí èkejì má ṣe ju kí ó gba iná sínú bátìrì lọ. Kí a wo àmì DP tàbí àmì mànàmáná olórí-ọfà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò. Èyí tó dájú jù ni kí a wo ìwé tó bá kọ̀ǹpútà náà wá.

6.0 Ìkíni Ṣáájú Iṣẹ́

Ní ilẹ̀ Ọ̀kun, ènìyàn kì í dédé bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. “Ọ̀kun” ni yóò kọ́kọ́ sọ. Ìkíni yìí ni Owé, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ jọ ní, òun náà ni ó sì di orúkọ tí gbogbo wọn ń jẹ́. Kọ̀ǹpútà àti mọ́nítọ̀ náà ń kíra. Kí àwòrán tó jáde, mọ́nítọ̀ a sọ fún kọ̀ǹpútà bí òun ti fẹ̀ tó: iye ẹyọ ìmọ́lẹ̀ tó wà ní ìbú àti iye tó wà ní òró. Bí wáyà VGA bá jẹ́ ayédèrú tí wọn kò fi eyín tó ń gbé ìkíni yìí sí, tàbí tí ó ti ṣẹ́, kọ̀ǹpútà yóò máa méfò. Àwòrán lè jáde, ṣùgbọ́n kò ní bá ojú mọ́nítọ̀ mu.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan olùkọ́ Yorùbá gan-an. Mọ́nítọ̀ pẹrẹsẹ onínǹṣì mẹ́tàdínlógún àtijọ́ sábà máa ń ní ẹyọ ìmọ́lẹ̀ 1280 ní ìbú, 1024 ní òró. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká ní 1366 sí 768. Bí a bá ní kí àwòrán kan náà hàn lójú méjèèjì, mọ́nítọ̀ yóò fún àwòrán pọ̀ níbì kan, yóò sì nà án níbòmíràn. Lẹ́tà ńlá lè fara da èyí. Àmì kékeré abẹ́ lẹ́tà kò lè fara dà á, nítorí pé ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kan tàbí méjì ni gbogbo rẹ̀.

Ẹni tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì lè má ṣàkíyèsí pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú Yorùbá, bí àmì abẹ́ bá pòórá, ọkọ ti di oko nìyẹn. Bí àmì orí bá dàrú, ọkọ́ tí a fi ń roko àti ọkọ̀ tí a ń wọ̀ kò yàtọ̀ síra mọ́. Bí ìbéèrè ìdánwò bá ní kí ọmọ tọ́ka sí ọ̀rọ̀ tí àmì ohùn rẹ̀ tọ̀nà nínú mẹ́rin, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè jọ ara wọn lójú rẹ̀. Ẹni tí kò rí àmì kò lè yan àmì.

Ọ̀nà àbáyọ kò le. Bí ó bá jẹ́ Windows ni ó wà nínú kọ̀ǹpútà, kí a tẹ bọ́tìnnì Windows àti P pọ̀, kí a yàn pé ojú kejì nìkan ni kí àwòrán ti jáde. Lẹ́yìn náà, kí a lọ sí ibi ètò ojú kọ̀ǹpútà, kí a yan iye ẹyọ ìmọ́lẹ̀ tó jẹ́ ti mọ́nítọ̀ náà gan-an. Bí ó bá jẹ́ VGA, kí a tẹ bọ́tìnnì tó wà lára mọ́nítọ̀ tí a kọ Auto sí, kí ó tún ojú rẹ̀ ṣe.

7.0 Bí Àwòrán Kò Bá Jáde

Kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, kí a tẹ̀ lé ìgbésẹ̀ wọ̀nyí lẹ́sẹẹsẹ.

(i) Ṣé iná wà lára mọ́nítọ̀? Iná kékeré iwájú rẹ̀ yóò sọ.

(ii) Ṣé ihò tí a ki wáyà bọ̀ ni mọ́nítọ̀ ń tẹ́tí sí? Mọ́nítọ̀ tó ní ihò méjì nílò kí a tẹ bọ́tìnnì Source tàbí Input láti yan èyí tí a fẹ́.

(iii) Ṣé eyín kankan tẹ̀ nínú ẹnu wáyà VGA? A kì í fi tipátipá kì í bọ̀. Kí a pa ẹ̀rọ méjèèjì kí a tó yọ ọ́ tàbí kí a tó kì í.

(iv) Ṣé ògbifọ̀ wà níbẹ̀, ṣé ọ̀nà tó yẹ ni ó sì kọjú sí? Ṣé iná tó o?

(v) Ṣé iye ẹyọ ìmọ́lẹ̀ tí kọ̀ǹpútà ń rán kò ju agbára mọ́nítọ̀ lọ? Kí a dín in kù sí 1024 sí 768, kí a wò ó.

Bí àwòrán bá jáde ṣùgbọ́n tí àmì Yorùbá kò dára, kí a wo ojú kọ̀ǹpútà alágbèéká fúnra rẹ̀. Bí àmì bá dára níbẹ̀, àárín kọ̀ǹpútà àti mọ́nítọ̀ ni àléébù wà. Bí kò bá dára níbẹ̀ náà, irú lẹ́tà tí a fi tẹ iṣẹ́ náà ni kò mọ Yorùbá, kò sì sí wáyà tó lè tún un ṣe.

8.0 Ìkádìí

Nígbà tí a padà sí Kàbà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a mú ògbifọ̀ gidi lọ́wọ́. Mọ́nítọ̀ àkọ́kọ́ là lójú ẹsẹ̀. Inú gbogbo wa dùn, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kan tó jókòó sẹ́yìn ka “Ó gba oko” níbi tí a kọ “Ó gba ọkọ́” sí. A fẹ́ bá a wí kí a tó lọ dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀. Láti ibẹ̀, àwa náà kò rí àmì kankan. A tún iye ẹyọ ìmọ́lẹ̀ yàn, a sì sọ lẹ́tà di ńlá díẹ̀. Ó kà á, ó sì tọ̀nà.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ jẹ́ méjì. Èkíní ni pé kí a má ṣe ka ẹ̀rọ tó ń sọ èdè mìíràn sí òkú ẹ̀rọ. Àwa tí a ń kọ́ ọmọ tó ń sọ Owé nílé ní Yorùbá àjùmọ̀lò mọ̀ pé àìgbọ́-èdè-ara-ẹni kì í ṣe àìmọ̀kan. Mọ́nítọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí à bá kó sí yàrá ẹrù ni a fi kọ́ni lọ́jọ́ náà, ògbifọ̀ kan ṣoṣo tí à ń gbé kiri lára wọn ni a sì lò títí a fi rí mẹ́ta yòókù rà.

Èkejì kan àwọn tó ń ṣètò ìdánwò. A dá a lábàá pé kí ìlà ìdánrawò kan wà lójú gbogbo mọ́nítọ̀ kí ìdánwò Yorùbá tó bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ, ọ, ṣ, ẹ́, ẹ̀, ọ́, ọ̀, ń àti ǹ wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú oko, ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wò ó láti ibi tó jókòó sí, kí ó sì sọ bí ó bá rí gbogbo rẹ̀. Mọ́nítọ̀ tí ìlà yìí kò bá hàn dáadáa lójú rẹ̀, kí a tún un ṣe tàbí kí a gbé ọmọ náà kúrò níbẹ̀ kí aago tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì péré ni.